Súpáfáísọ̀ ní tọ́píìkì mi ti fẹ̀ jù, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìwádìí rí l'Ákúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ wá o

Bísí_Oyèmẹ́kùn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Máṣítà ni mò ń ṣe níbí l'Ákúrẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Kíláàsì ti parí, ó ku ìwádìí. Mo gbé tọ́píìkì lọ bá súpáfáísọ̀ mi, "Ipa tí íntánẹ́ẹ̀tì ń kó nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà", bàbá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mo máa dé Sókótó ni. Mo tún gbé òmíì lọ, "Ìṣòro àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó", wọ́n ní "kí ni ìbéèrè ẹ níbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan sọ. Mo ṣáà mọ̀ pé kòkó ni mo fẹ́ ṣe torí bàbá ìyá mi lóko ní Ìdànrè, ìpínlẹ̀ wa náà ló sì ń ṣe kòkó jù ní Nàìjíríà. Ẹnì kan tó ń tẹ ìwé nítòsí géètì ní òun ní èyí tí ṣáputà kìíní dé ìkẹta ẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí n ṣáà mówó wá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi.

Tósìn_Baba_Jeje
Sisí, ra ohun tí wọ́n ń tà jàre. Kí lo fẹ́ máa fìyà jẹra ẹ sí? Wọ́n á yí orúkọ ìpínlẹ̀ padà, wọ́n á yí ọdún padà, ó parí. Súpáfáísọ̀ gan-an kì í kà á tán.

Ẹ̀gbọ́n_Alágbàkà
Tósìn, má pa ọmọ ọlọ́mọ o. Bísí, má dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n ń tà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti rà á ṣáájú ẹ, tí wọ́n bá gbé e sínú Turnitin, ẹ̀rọ tó ń mú iṣẹ́ àdàkọ, pẹ́nrẹ́n, pupa ló máa pọ́n látòkè délẹ̀. Ká tiẹ̀ ní Turnitin ò mú ẹ, lọ́jọ́ tí ẹni tó wá láti yunifásítì míì láti dán ẹ wò bá bi ẹ́ pé kí ló dé tó o fi yan iye èèyàn tó o yàn, onítẹ̀wé ò ní sí níbẹ̀ láti bá ẹ dáhùn.

Súpáfáísọ̀ ẹ ò burú rárá, ìbéèrè tí wọ́n bi ẹ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. "Ìṣòro àwọn àgbẹ̀ kòkó" kì í ṣe ìbéèrè, orí ọ̀rọ̀ lásán ni, o lè kọ ọ́ títí dọ̀la kó o má parí ẹ̀ torí kò síbi tó ń lọ. Ohun tá à ń wá ni nǹkan tó o lè bèèrè, tó o mọ ibi tó o máa lọ wá ìdáhùn ẹ̀ sí, tí ìdáhùn ọ̀hún sì lè já ẹ nírọ́. Tó o bá ti mọ èsì kó o tó kúrò nílé, kí lo wá ń lọ wádìí?

Wo ohun tí dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1854. Kọ́lẹ́rà ń pa èèyàn ní àdúgbò Soho, ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn gbà pé afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló ń fà á. Ká ní tọ́píìkì bíi tiwa ló gbé ni, ì bá kọ "Ìpèníjà kọ́lẹ́rà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù", ì bá kọ ojú ewé ọgọ́rin, àwọn èèyàn ì bá sì máa kú lọ. Ohun kan ló ń bèèrè kiri láti ilé dé ilé: níbo làwọn tó kú yìí ti ń pọn omi? Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìdí ẹ̀rọ omi Broad Street ni wọ́n ti ń pọn. Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé o: ó tún lọ wá àwọn tó yẹ kí wọ́n kú tí wọn ò kú. Ilé iṣẹ́ ọtí bíà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń mu ọtí wọn, wọ́n sì ní kànga tiwọn, nǹkan ò ṣe wọ́n. Obìnrin kan sì wà ní Hampstead lọ́hùn-ún, ibi tí kọ́lẹ́rà ò dé, òun wá kú, àṣé wọ́n máa ń gbé omi ẹ̀rọ yẹn lọ fún un torí ó fẹ́ràn adùn ẹ̀. Snow ò mọ kòkòrò tó ń fà á o, ìbéèrè tó mọ́ ló ní. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Òun fúnra ẹ̀ tún wá sọ pé àìsàn náà ti ń lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, kò fi ìyẹn pamọ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ lè dùn ún gbọ́. Irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Bísí_Oyèmẹ́kùn
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ó ń yé mi bọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni mo ti fẹ́ rí ìbéèrè báyẹn? Mo ti jókòó ti ìwé títí, ojú ń ta mí ni.

Àgbẹ̀_Ìdànrè
Ọmọ mi, ìwọ tí bàbá àgbà ẹ lóko, o wá ń wá ìbéèrè nínú ìwé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ máa ń wá bá wa, ẹ ó ní "bàbá, kí ni ìṣòro yín", a ó ní owó, ọ̀nà, oògùn, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó bá wa ya fọ́tò, ẹ ó lọ. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ẹlòmíì á tún dé, ìbéèrè kan náà. Èmi ti mọ ọ́n sórí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ya èmi alára lẹ́nu. Tá a bá fọ́ kòkó, ó yẹ ká fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, ká máa rò ó, ká tó kó o sínú oòrùn. Bíbò yẹn ló ń jẹ́ kó ní adùn táwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ń wá. Kò sí àgbẹ̀ tí ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ alábàágbé oko mi kan wà níbí, ọjọ́ kejì ni tiẹ̀ ti máa ń wà létí títì tí mọ́tò ń fẹ́ erùpẹ̀ sí i. Tí ẹni tó ń rà á bá dé, á gbé tèmi sórí ìwọ̀n, á gbé tiẹ̀ náà, iye kan náà ló máa san fún wa. Nígbà tí Kòkó Bọ́ọ̀dù ṣì wà, kí wọ́n tó tú u ká ní 1986, owó Grade 1 yàtọ̀ sí ti Grade 2, èèyàn máa ń ṣọ́ra. Nísìnyí, àwọn kan ṣì máa ń la kòkó wò kí wọ́n tó dá iye lé e, ọ̀pọ̀ ni ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀. Ta ló wá ń bò ó dáadáa nínú wa, kí ló sì dé tó fi ń ṣe wàhálà náà? Lọ wádìí ìyẹn fún wa.

Ẹ̀gbọ́n_Alágbàkà
Bísí, dọ̀bálẹ̀ fún bàbá yìí. Ó dáa, ìwọ kúnlẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ẹ dé ìdajì.

Dókítà_Lípákálà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka ìlera lèmi wà níbí l'Óǹdó ṣùgbọ́n ọ̀nà iṣẹ́ kan náà ni. Bísí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń kọ́kọ́ wá bá mi pé "mà, questionnaire ni mo fẹ́ lò", mo máa ń ní lò ó sí kí ni? Wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bèèrè, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi bèèrè. Ìbéèrè ló ń yan ọ̀nà. Wo ohun tí bàbá sọ yẹn, ìbéèrè méjì ló wà nínú ẹ̀. "Ta ló ń bò ó dáadáa" jẹ́ ohun tó o máa kà, o nílò èèyàn púpọ̀, ìwé ìbéèrè àti ìṣirò. "Kí ló dé tó fi ń ṣe wàhálà náà" ò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, o máa jókòó ti èèyàn díẹ̀ lábẹ́ igi, o máa jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ dé ibi tí ìwọ ò rò, o máa gba ohùn wọn sílẹ̀, wàá kọ ọ́ jáde, wàá wá máa wo ohun tó ń jọra. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé ti ìṣirò nìkan ni sáyẹ́ǹsì, èkejì ìtàn lásán ni. Má gbà fún wọn. Àwọn míì á ní kó o ṣe méjèèjì pọ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n béèrè iye oṣù tó kù fún ẹ.

Ohun tẹ́nì kankan ò tíì dárúkọ níbí nìyí: kó o tó bi èèyàn kan ṣoṣo ní ọ̀rọ̀, kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tá à ń ṣèwádìí lára wọn ní ilé ìwé ẹ. Má rò pé torí pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ lo fẹ́ gún, kò kàn ẹ́. Òfin yẹn ò ṣàdédé wá. Ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, láti 1932 títí di 1972, wọ́n ń wo bí àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis ṣe ń jẹ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú run, wọn ò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún wọn, nígbà tí penicillin tó ń wò ó sì dé tán, wọn ò fún wọn. Nílé wa níbí, ní Kánò lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer lo oògùn tuntun kan, Trovan, fáwọn ọmọdé tó ní àrùn meningitis, ọ̀rọ̀ bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìdánwò ni di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Tìẹ ò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, tó o bá kọ orúkọ àgbẹ̀ pé kì í bo kòkó ẹ̀, tí ìwé ẹ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà ni kó o kọ, má kọ orúkọ. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó o máa lọ. Má sì jẹ́ kẹ́nì kankan tẹ ìka sórí ìwé tí o ò tíì kà fún un ní Yorùbá kó yé e.

Tósìn_Baba_Jeje
Gbogbo gírámà yìí náà ni, tó bá dé ibi iye èèyàn tẹ́ ẹ máa bi, fọ́múlà Yamane lẹ máa lò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí.

Olùṣírò
Èmi ń béèrè, iṣẹ́ mi ni. Yamane ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àìmọ ohun tó ń ṣe ló wọ́pọ̀. Ká ní o rí ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ kòkó tó wà lágbègbè tó o yàn, orúkọ 1,200 ló wà níbẹ̀. O ní o gba àṣìṣe márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láyè, ìyẹn 0.05. Sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, 0.0025, fi lọ́po 1,200, ó di 3, fi 1 kún un, ó di 4. Pín 1,200 sí 4, èèyàn 300. Ohun tí Taro Yamane kọ sínú ìwé ẹ̀ ní 1967 ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá gba ti tábìlì Krejcie àti Morgan, ti 1970, 291 ló máa fún ẹ. Wọn ò jìnnà síra.

Àmọ́ 300 yẹn ò ní láárí tó bá jẹ́ ẹni tó o bá pàdé lọ́jọ́ ọjà lo fún ní ìwé. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ tíísíìsì lọ. Èso 300 làwọn náà máa ń là sí méjì kí wọ́n tó sọ pé kòkó dára, wọ́n á ka èyí tó ti bu nínú ẹ̀, tó bá ti ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ kì í ṣe Grade 1 mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í bu èso yẹn lẹ́nu àpò kan ṣoṣo. Irin ni wọ́n fi ń gún àpò lókè, láàárín, nísàlẹ̀, àpò tó pọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń tà á ti to èyí tó rẹwà sókè. Ìwọ náà, àgbẹ̀ tó wà létí títì, tó ní fóònù, tó máa ń wá sípàdé, òun lo máa kọ́kọ́ rí. Ẹni tó wà nínú abà tí ọ̀kadà ò dé, ó lè jẹ́ òun gan-an ni kì í bo kòkó. Fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú 300 jáde láìwojú ẹnikẹ́ni, ibi tó bá mú, ibẹ̀ lo máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa rẹ̀ ẹ́.

Ìwé ìbéèrè ńkọ́. Mo mọ ohun tó o máa kọ: "Mo máa ń bo kòkó mi dáadáa", kó o wá ní kí wọ́n yàn láàárín mo gbà gan-an títí dé mi ò gbà rárá, irú èyí tí Rensis Likert gbé jáde ní 1932. Àgbẹ̀ wo ló máa ní òun ò gbà? Bi wọ́n báyìí: "Kòkó tí ẹ fọ́ kẹ́yìn, ọjọ́ wo lẹ fọ́ ọ? Ọjọ́ wo lẹ kó o sínú oòrùn?" Ìwọ lo máa ka ọjọ́ tó wà láàárín ẹ̀. Ẹ̀tàn ò rọrùn níbẹ̀, ìwọ náà ò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́ gbé ìwé yẹn lọ bá àgbẹ̀ díẹ̀ tí kì í ṣe ara àwọn tó o máa lò, kó o wo ibi tí ojú wọn ti ń ṣe bákan, lọ tún un kọ.

Àgbẹ̀_Ìdànrè
Olùṣírò, ta ló sọ fún ẹ pé a máa ń to èyí tó rẹwà sókè? 😂 Ẹ ò ní bà wá lórúkọ jẹ́ níbí o.

Bísí_Oyèmẹ́kùn
Ẹ̀rín pa mí. Mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ ṣáputà kejì ńkọ́, ti àwọn tó ti kọ nǹkan ṣáájú? Mo wa íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan tó jáde ju agbára mi lọ.

Ọmọ_Ẹkún
Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí tèmi l'Óǹdó, jẹ́ kí n sọ èyí. Google Scholar, tó ń wá ìwé ìwádìí nìkan, ni kó o lò, má lo Google lásán. African Journals Online wà, AJOL, láti 1998 ló ti wà, iṣẹ́ àwọn ará ilé wa tí o ò ní rí níbòmíì wà níbẹ̀. Lọ wo ohun tí àwọn ará CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, ti kọ, láti 1964 ni wọ́n ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, má lọ ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe tán. Tó o bá rí ìwé kan tó bá tìẹ mu, lọ sẹ́yìn ẹ̀ wo àwọn tó tọ́ka sí, kó o tún tẹ "Cited by" lábẹ́ ẹ̀ ní Google Scholar kó o rí àwọn tó dé lẹ́yìn ẹ̀. Ìwé kan á bí ogún.

Má ka gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀ o, wàá kú. Ka àkótán ẹ̀, tó bá jọ nǹkan, lọ síbi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, àwọn mélòó, níbo, báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n, lẹ́yìn náà èsì. Kọ ìlà méjì péré nípa ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹ: kí ni wọ́n rí, kí ni wọn ò wò. Àwọn "kí ni wọn ò wò" yẹn tó o bá kó wọn jọ, àyè tìẹ wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣáputà kejì tí mo kà jẹ́ Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dù sọ báyìí, ẹni tó kọ ọ́ ò sọ nǹkan kan.

Zotero, ọ̀fẹ́ ni, gbé e sórí kọ̀ǹpútà ẹ lónìí, òun ló máa bá ẹ to ìtọ́kasí. Àti pé àwọn ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ yìí, ChatGPT àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n lè bá ẹ tún gírámà ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dá ìwé tí ò sí láyé sílẹ̀, orúkọ tó ń ró gbọnmọgbọnmọ, ọdún, ojú ewé, irọ́ ni. Ìwé tó ò bá tíì fojú ara ẹ rí, má tọ́ka sí i.

Ẹ̀gbọ́n_Alágbàkà
Kún un pé tó bá parí, àwọn jọ́nà kan, ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, á máa kọ̀wé sí ẹ, "Dear Esteemed Professor", wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan tó o bá ti sanwó. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan ní Colorado, Jeffrey Beall, kó orúkọ wọn jọ fún ọdún mélòó kan kó tó mú un kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2017. Sísanwó nìkan kọ́ ló ń fi wọ́n hàn o, jọ́nà gidi míì náà ń gbowó. Wò ó bóyá ẹnì kankan ń ka iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbà á. Ìyẹn ṣì jìnnà sí ẹ ṣá.

Bísí_Oyèmẹ́kùn
Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo èyí: "Láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè, ṣé àwọn tí oníbàárà wọn máa ń la kòkó wò kó tó dá iye lé e máa ń bo kòkó wọn pẹ́ ju àwọn tí wọn kì í la tiwọn wò lọ?" Mo fi ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ mi láàárọ̀, wọ́n ní kí n kọ ojú ewé kan lé e lórí wá lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Dókítà_Lípákálà
Ó ti di ìbéèrè. Múra sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n máa bi ẹ́: ká ní o rí i pé wọ́n ń bò ó pẹ́ ju àwọn yòókù lọ lóòótọ́. Ṣé oníbàárà tó ń la kòkó wò ló mú kí wọ́n máa bò ó, àbí àwọn tó ti ń bò ó dáadáa tẹ́lẹ̀ ló lọ wá oníbàárà tó máa mọyì ẹ̀? Ó sì lè jẹ́ owó ni. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè dúró ọjọ́ méje, ẹni tó ti yáwó owó ilé ìwé ọmọ ò lè dúró. Ohun méjì á máa rìn pọ̀ tí ọ̀kan ò sì fa èkejì. Nítorí náà bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ti ń tà fún oníbàárà yẹn, bí wọ́n ṣe ń bò ó kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, bí oko wọn ṣe tó, bóyá wọ́n jẹ gbèsè fún ẹni tó ń rà á. Kọ ọ́ sínú ojú ewé kan yẹn pé o mọ̀ pé ìṣòro yìí wà.

Tósìn_Baba_Jeje
Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa gbèsè yẹn, òótọ́ ni o. Àwọn tó ń ra ti bàbá mi ti san owó kòkó tí ò tíì so. Báwo ló ṣe máa dúró kó bò ó?

Dókítà_Lípákálà
Tósìn, ìwọ náà ti ń ṣe ìwádìí nìyẹn.

Àgbẹ̀_Ìdànrè
Bísí, tó o bá fẹ́ wá, má wá ní oṣù kẹta, o ò ní bá wa nídìí ohun tó o fẹ́ rí. Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá la máa ń fọ́ kòkó jù. Má wá lọ́jọ́ Sunday. Tó o bá dé, má jókòó sábà kó o máa bèèrè, tẹ̀ lé wa lọ síbi tá a ti ń fọ́ ọ, kó o fojú ara ẹ wo ọjọ́ tá a bò ó.

Bísí_Oyèmẹ́kùn
Màá wá sà, ẹ ṣeun. Olùṣírò, níbo ni mo ti máa rí ìwé orúkọ yẹn?

Olùṣírò
Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó níbẹ̀, kó o tún yà sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé méjèèjì ò ní bára mu, orúkọ àwọn tó ti kú á ṣì wà nínú ẹ̀. Mú méjèèjì wá, a ó jọ yọ èyí tó ṣe méjì kúrò.